Kókó Tí Mo Gbàgbé Lára Ẹ̀wù Ìyàwó Bàbá Ìsàlẹ̀

Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ni bó ṣe ń bọ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ilẹ̀, á di gíláàsì. Ó bo ọ̀nà, ó bo ẹ̀ka igi, ó bo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú ilé, gbogbo wọn ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo obìnrin kan tó ń rìn lójú títì bíi pé orí ẹyin ló ń tẹ̀. Mo ní bí èmi bá jáde tí mo ṣubú, egungun ìdí mi á ṣẹ́, wọ́n á sì bèèrè pé kí ló gbé ìyá arúgbó dé ibí. Ṣùgbọ́n n ò ní í jáde síta. Àtẹ̀gùn ilé nìkan ni mo fẹ́ sọ̀, àjà méjì péré, kí n lọ kúnlẹ̀ fún bàbá kan tí mo ṣẹ̀.

Inú ilé mi ní Ìlọrin ni mo wà báyìí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní Lituéníà, nílẹ̀ Yúróòpù, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá bi mí pé èwo ló yà mí lẹ́nu jù, ti ẹ̀wù kan ni mo máa ń sọ, àti ti àwọn ọmọkùnrin gíga tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Ràlíátù ọmọ mi, dókítà ni níbẹ̀, nílùú Kaunas. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló fẹ́kọ sí. Nígbà tó bímọ obìnrin, ó ní, "Ìyá mi, ẹ wá bá mi gbé ọmọ." Kàm̀pálà ni mò ń pa láró lẹ́yìn ilé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun, ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyá Kúdí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ni mo kó àwọn bàsíà aró fún. Ó sìn mí dé Ọ̀fà Garage lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Kò sunkún. Ohun tó sọ ni pé, "Bó o bá dé ọ̀hún, má lọ máa ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan o." Mo rẹ́rìn-ín, mo wọkọ̀.

Ti ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún kì í ṣe òtútù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ilé alájà márùn-ún, ìdílé bí ogún ló wà níbẹ̀, o ò ní í gbọ́ ohùn ẹnì kan. Ní Ìlọrin, bí mo bá sín, ilé kejì á ní ẹ pẹ̀lẹ́. Níbẹ̀, mo sín títí, ara ògiri ni mò ń sín sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn wá dé, oòrùn ò wọ̀ bọ̀rọ̀. Màá ti ṣàlùwàlá fún ìrun mògàríbì, màá jókòó sórí ẹní, màá máa wo oòrùn bí ẹni ń wo àlejò tó jẹun tán tí kò fẹ́ lọ. Ràlíátù á ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ náà á ti lọ. Mo máa ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro mí. Nílé, gbogbo ọjà ló mọ̀ mí. Níbẹ̀, ìyá dókítà dúdú ni mí, ó parí.

Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́, bí kò bá ríṣẹ́ ṣe, ṣe ni yóò máa yún olúwa rẹ̀. Mo sọ fún Ràlíátù pé kó wá nǹkan tí mo lè ṣe. Ó ní bàbá kan wà nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò lọ́mọ nítòsí. Ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbálẹ̀, tí yóò máa se oúnjẹ. Mo ní kò burú, màá pọn ọmọ sẹ́yìn, màá ṣe é. Bàbá Ìsàlẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn wàrà. Mo ní ó dáa, kò fẹ́ràn àwọ̀ mi. Kí n tó yíjú padà, ó di apá mi mú, ó fà mí wọlé, ìgbà tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú yàrá ló tó bọ̀ mí lọ́wọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí Ràlíátù dé, ó ní, "Èèwọ̀ wọn ni, Ìyá mi. Wọn kì í kí èèyàn láàárín ìloro. Wọ́n ní ìjà ló ń dá sílẹ̀." Mo ní àwa náà ní èèwọ̀ nílé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn bàbá náà.

Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò tó nǹkan, tèmi náà kò tó nǹkan, díẹ̀ pàdé díẹ̀, a sì ń gbọ́ra wa yé. "Mama" ló ń pè mí. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, Ràlíátù ló ń túmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù wọn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kú fún. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá ni, tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè, baskẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn ṣe ń rí kànga lágbo ilé ní Ìlọrin àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí òrùka irin tí wọ́n kàn mọ́ òpó lẹ́yìn ilé wọn, títí dé abúlé, lára ilé tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí. Mo ní kí ló dé? Bàbá Ìsàlẹ̀ ní kí n jókòó. Ọjọ́ ìsinmi ni, Ràlíátù wà nílé, ó wá bá wa túmọ̀.

Ó ní kí ogun ńlá tó dé, àwọn ọmọ ìlú òun ti gba ife gbogbo Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀lù yìí. Ìlú kékeré o! Lẹ́yìn náà ni ìlú ńlá ẹ̀gbẹ́ wọn fogun gbé wọn mì, ó sọ wọ́n di ara tirẹ̀. Fún bí àádọ́ta ọdún, kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan tó ń jẹ́ orúkọ wọn níwájú ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ò yé ga. Onílùú ńlá á wá, á ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù, á gbé ẹ̀wù tirẹ̀ wọ̀ wọ́n, ife tí wọ́n bá sì gbà, orúkọ onílùú ńlá ni wọ́n ń kọ sí i.

Mo ní, "Ràlíátù, bi wọ́n fún mi: nígbà yẹn, ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ gbọọrọ rẹ̀ sókè. Ràlíátù ní, "Wọ́n ní ọwọ́ ni àwọn ń wò, àwọn kì í wo ẹ̀wù. Ọmọ ẹni ni, ẹ̀wù ẹlòmíràn ló wọ̀."

Mo wo ọwọ́ ara mi.

Ó ní nígbà tí àwọn tún gba ara àwọn sílẹ̀, ìdíje Òlíńpíìkì ti sún mọ́lé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ò ní kọ́bọ̀. Àwọn olórin kan ní Amẹ́ríkà gbọ́, wọ́n fi owó ránṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀wù kún un. Wọ́n lọ. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, àwọn ọmọ onílùú ńlá àná gan-an ni wọ́n pàdé níbi ìdíje ipò kẹta. Wọ́n sì borí wọn! Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, wọ́n bọ́ aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù, wọ́n gbé ẹ̀wù àwọn olórin yẹn wọ̀. Bàbá nawọ́ sí àwòrán lára ògiri. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn. Gbogbo ayé tó kù wọ aṣọ aláwọ̀ kan, àwọn géńdé yìí dúró láàárín wọn, pupa, ewéko, ìyeyè, ó ń yí po, ó ń tàn rekete.

Mo kígbe. "Sùbùhánálàhì! Ràlíátù, kàm̀pálà ni! Bi wọ́n pé ta ló pa á láró."

"Ìyá mi, ọ̀rọ̀ òmìnira ni bàbá ń sọ o."

"Èmi náà ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Wo bó ṣe dì í láti àárín! Ẹni tó dì í yẹn mọṣẹ́." Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé egungun òkú ni wọ́n yà sí àyà ẹ̀wù náà, òkú tó fò sókè tó ń ju bọ́ọ̀lù. Mo fà sẹ́yìn. "Aúsùbílàhì! Òkú ṣe débẹ̀?"

Bàbá ní ẹgbẹ́ àwọn ló kú. Ó kú, ó sì jí.

Lọ́dún náà wọ́n ta irú ẹ̀wù yẹn fún ará ìlú. Ìyàwó Bàbá Ìsàlẹ̀ ra ọ̀kan, òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú jáde lọ pàdé àwọn agbábọ́ọ̀lù. Látìgbà tó ti kú, bí ẹgbẹ́ náà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá á fi ẹ̀wù ọ̀hún kọ́ ẹ̀yìn àga ìyàwó rẹ̀, á bu tíì sí ife méjì.

Wàyí o, ẹ̀wù náà ti ṣá. Pupa rẹ̀ ti dà bí omi sóbò tí wọ́n bomi là, ewéko rẹ̀ ti di eérú. Lọ́jọ́ kan, Bàbá fi àtàǹpàkò pa á lára, ó mí kanlẹ̀, ó mi orí. Èmi wá rò pé ó ń bẹ̀ mí.

Nílé wa, aṣọ tó bá ṣá kì í ṣe ohun ìbànújẹ́. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu ọ̀nà mi ní Ọjà Tuntun kì í gbófo, aṣọ tó ṣá ni wọ́n ń kó wá ká dá a padà sínú aró. Ìyá á kó ti ọkọ, ọmọ á kó ti ìyá tó ti kú, a óò rì í, á padà di tuntun, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí yídì. Ẹ̀bùn tó dáa ni. Àwọn ará Kaunas náà wá ń múra bí ẹni ń múra Iléyá lọ́sẹ̀ yẹn, torí pé ẹgbẹ́ wọn ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù nílùú wọn. Àsíá wà lójú fèrèsé, ó wà lára ọkọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ò ní í fi aṣọ ṣíṣá ṣọdún.

Nígbà tí Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń na orúnkún rẹ̀, mo gbé ẹ̀wù náà gòkè. Mo ra aró mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi iyọ̀ àti sódà sí i. Mo wo bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe dì í, mo dì í tẹ̀lé e, mo fi òwú fún un le dáadáa. Mo rì í sáró, mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe yọ! Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Bàbá wọlé. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó gbé e sí imú, ó fa èémí. Ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ló rọra ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo jáde, ó tì í.

Ràlíátù sọ̀ lọ bá a nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Bó ṣe padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyá mi, ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Látọjọ́ tí ìyàwó wọn ti kú, wọn ò jẹ́ kómi kan ẹ̀wù yẹn. Òórùn obìnrin náà ló wà lára ẹ̀. Ìyẹn ló kù wọ́n kù."

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ mi, òun ni mo ṣe báyìí sí. Lẹ́yìn ìrun mògàríbì, mo pe Ìyá Kúdí ní Ìlọrin. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá Ràlíá," ó ní, "ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Mo mọ̀! Ṣé mi ò sọ ọ́ fún ẹ ní Ọ̀fà Garage? Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, o gbé e, o rì í sáró!"

"Aṣọ tó ṣá ni, Ìyá Kúdí."

"Irun orí tìẹ náà ti ṣá, ta ló rì ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó sinmi, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá yẹn ò jẹ̀bi o. Nígbà tí Bàbá Kúdí kú, fìlà ẹ̀ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, ǹ bá gé e jẹ."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Kí ni aláró tó ba aṣọ oníbàárà jẹ́ ń ṣe? Lọ kúnlẹ̀. Má ṣàlàyé. Àlàyé ẹ ti pọ̀ jù." Ó tún bèèrè pé, "Kókó mélòó lo dì?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Mélòó lo tú?"

Nínú iṣẹ́ wa, èèyàn á ka kókó bó bá ń dì í, á tún kà á bó bá ń tú u. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń ké lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń tú ẹ̀wù yẹn. Mo sọ fún un pé n ò kà á.

"Háà," ni Ìyá Kúdí wí. "Ìwọ tó o máa ń fa àwọn ọmọ létí! Lọ wá a wò. Ibi tí kókó bá wà, aró kì í débẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìdíje, ni òjò gíláàsì yẹn rọ̀. Mo kírun, mo wé gèlè mi, èmi àti Ràlíátù sọ̀ kalẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Bàbá ṣí i. Kí ó tó sọ̀rọ̀, mo ti wà lórí orúnkún méjèèjì níbi ìloro. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí." N ò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀rù bà á. "No, no, Mama. Not here." Ó fà mí lápá, ó fà mí kọjá ìloro, mo bá ara mi nínú yàrá lórí eékún. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó gbé mi dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Èmi náà fẹ́ dìde, tèmi náà kọ̀. A di ara wa mú, à ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀, títí Ràlíátù fi gbé àwa méjèèjì. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Bàbá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tíì rẹ́rìn-ín.

Mo mú ẹ̀wù lórí àga, mo yí inú rẹ̀ síta. Mo fọwọ́ tọ etí rẹ̀ yíká, mo tọ ọrùn, mo tọ apá ọ̀tún. Mo dé abẹ́ apá òsì, lẹ́bàá ìránṣọ, ọwọ́ mi kan nǹkan. Kókó ni. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, òwú ṣì wà lára rẹ̀, ó fún pinpin. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo gbé ìka Bàbá, mo fi lé e. Ràlíátù ṣàlàyé: ẹ̀wù àná ló wà nínú ibẹ̀, aró ìyá òun ò débẹ̀.

Mo gbé èékánná sí òwú láti já a. Ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ bo tèmi. "After," ó ní. "After game."

Nírọ̀lẹ́ a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi, òun, Ràlíátù àti ọmọ. Títì ṣófo bí ìgbà tí wọ́n ń kírun Jímọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ orin ìlú wọn, Bàbá dìde lórí orúnkún tí wọ́n là, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Àwọn ọmọ náà ga bí àgbọn, wọ́n sì ń pòòyì bí òkòtó. Wọ́n á fò, wọ́n á dúró lófuurufú bíi pé ẹnì kan gbé wọn kọ́. Mò ń wo ẹnu wọn tó ń pe orúkọ ìlú wọn, mò ń rántí àádọ́ta ọdún tí kò sẹ́ni tó lè pè é nírú ibẹ̀. Bàbá fi ẹ̀wù sórí itan, àtàǹpàkò rẹ̀ ò kúrò lórí kókó.

Wọ́n pàdánù. Ìjù kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn ni. Mo ní ó tán, kò ní í jẹ́ ká tú u mọ́. Nílé wa, bí ẹgbẹ́ wa bá pàdánù, èébú á dé orí ìyá kóòṣì. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn náà dìde, wọ́n ń kọrin fún àwọn ọmọ tó pàdánù, àwọn ọmọ sì dúró, orí wọn wà nílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ. Sùbùhánálàhì. N ò rí irú rẹ̀ rí.

Bàbá nawọ́ ẹ̀wù sí mi, ó sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀. Ràlíátù ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ tú u. Wọ́n ní ká ní àwọn borí ni, ì bá ṣì dúró dọ̀la, ṣùgbọ́n àwọn nílò rẹ̀ lónìí."

Mo já òwú. Mo fọwọ́ nà án. Ó là bí ìràwọ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, pupa tó ti di omi sóbò, ewéko tó ti di eérú, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fi sílẹ̀. Bàbá gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. N ò mọ ohun tó gbọ́, n ò sì bi í. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó bu tíì. Ife mẹ́rin ló gbé wá, ó fi ọ̀kan síwájú àga tí kò sẹ́nì kan lórí rẹ̀, ó sì gbé ọ̀kan síwájú mi.

Ẹni tó bá wo aṣọ ọ̀rá nínípọn tí mo máa ń wọ̀ fún òtútù lójú títì Kaunas nígbà yẹn, á ní mo ti di ti ibẹ̀. Ẹ̀wù ẹlòmíràn ni. Ọwọ́ ni kí ẹ máa wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gbálẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá ti gbé ẹ̀wù funfun tirẹ̀ kan sórí tábìlì, tuntun, pẹ̀lú okùn òwú. Mo dì í, òun ń ka kókó lédè rẹ̀, èmi ń kà á ní Yorùbá. Mo rì í, mo sá a, a jókòó tú u, a tún kà á. Nígbà tó ku ẹyọ kan lábẹ́ apá òsì, mo gbé ẹ̀wù náà padà fún un. Ó fọwọ́ wá kókó náà, ó rí i, kò tú u, ó sì wọ ẹ̀wù náà bẹ́ẹ̀.